Agogo Yàrá Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í kúrò nílé ẹnikẹ́ni láìpe fóònù ilé náà wò. Bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó, ìbáà ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì fóònù kan ṣoṣo ló so mọ́ ògiri, yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, yóò bọ́ síta, yóò sì pe nọ́ńbà ilé náà. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa tẹ́tí. Bí fóònù pálọ̀ bá dún, tí ti yàrá dún, tí ti ilé ìdáná náà sì dún, á wá rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀kan bá yadi nínú wọn, á tún padà wọlé, ebi ìbáà máa pa á, òjò ìbáà máa rọ̀. "Iṣẹ́ tí a ò tíì pè wò ò tíì parí." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Torí ẹ̀ làwọn oníbàárà ṣe sọ ọ́ ní Pè-É-Wò. Àwọn kan wà ládùúgbò wa tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an títí dòní.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn nípa rẹ̀ ná, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bà jẹ́, ẹ lè rò pé aláìbìkítà èèyàn ni. Kì í ṣe aláìbìkítà. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, ẹnu mi mú, mi ò sì kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lásán. Ká ní ó burú ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ pariwo rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́ iṣẹ́ wáyà fóònù, ilé wa ló sì ti kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ṣe. Fóònù kan ṣoṣo la ní nígbà náà, ìsàlẹ̀ ló wà. Bó bá ti dún, Màmá á sáré láti òkè, bàtà rẹ̀ á máa lu àtẹ̀gùn pá-pá-pá, kó sì tó débẹ̀, ẹni tó ń pè á ti gbé e sílẹ̀. Màmá á wá dúró síbẹ̀, á máa bú ẹni tí kò mọ̀. Ọjọ́ kan ni Bọ̀dá fa wáyà láti ìsàlẹ̀, ó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń kàn án mọ́gi díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì Màmá. Eyín ló fi bọ́ èèpo ara wáyà náà. Igun kan kán lára eyín iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Fóònù tó gbé síbẹ̀ dúdú, ó wúwo bí òkúta, agogo kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀. Bó bá dún, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá á máa gbọ̀n. Nígbà tó ṣe é tán, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa, ó bẹ̀ wọ́n, ó pe ilé. Màmá gbé e lókè.

"Ta ni o?"

"Èmi ni, Màmá. Iṣẹ́ ti parí."

"Èmi ta ni? Èmi ò lórúkọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Bí Bọ̀dá bá ti kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ báyìí, "Èmi ò lórúkọ ni?" lẹ máa gbọ́ nínú ilé. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ yìí. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ló ń mú kí gbogbo ìlú gbọ́ ohùn ara wọn.

Àwa mẹ́ta ni Màmá bí: Bọ̀dá, èmi, àti àbígbẹ̀yìn wa. Àbígbẹ̀yìn yẹn, Màmá ló bà á jẹ́, èmi ò ní fi bò. Ẹran tó bá tóbi jù nínú ọbẹ̀, tiẹ̀ ni. Ẹni tí Màmá ò lè bá wí nígbà tó kéré, nígbà tó dàgbà ló wá fẹ́ bá a wí. Ọmọkùnrin náà mú obìnrin kan wálé, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Obìnrin náà fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ó sì ti bí ọmọ kan tẹ́lẹ̀. Màmá ní láéláé. Àbúrò mi ní òun ò ní ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú, ni Màmá bá fọwọ́ lu tábìlì.

"Tí o bá fẹ́ ẹ, má pè mí ní ìyá rẹ mọ́. Má tilẹ̀ pè mí rárá!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó bọ́, ó sì fọ́, gbogbo wa la wà níbẹ̀ tí a ń wò ó nílẹ̀. Àbúrò mi gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí ìlú òkèèrè pẹ̀lú obìnrin náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko, kò pè.

Màmá ò sọ pé ó dun òun. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa. Àmọ́ nígbà tí oníkálukú ti ní fóònù alágbèéká lọ́wọ́, tí àwọn tó ń pe fóònù ilé wa sì ti kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó Bọ̀dá dábàá pé ká yí nọ́ńbà náà padà. Màmá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ yí nọ́ńbà yẹn, kó kọ́kọ́ sin mí ná." Kò sọ ìdí. A ò sì bi í, torí gbogbo wa la mọ ẹni tó mọ nọ́ńbà yẹn sórí.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, Màmá ti ṣubú, ìbàdí ń dùn ún, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ lókè. Bọ̀dá, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn obìnrin ń gbé nísàlẹ̀. Ní Túsìdeè kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá tó ti ìrìn àjò dé wá kí wa, ó ní òun pàdé àbígbẹ̀yìn wa. Ó ní ó rán òun níṣẹ́, bó sì ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ: "Sọ fún Màmá pé màá pe fóònù ilé ní Sọ́ńdè mẹ́ta tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin. Òun ló ní kí n má pe òun. Tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, á jẹ́ pé ó ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ nìyẹn. Tí kò bá gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé."

Kò fún un ní nọ́ńbà tiẹ̀. Agídí! Ọmọ Màmá ni lóòótọ́.

Màmá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara fóònù dúdú yẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń nu orí ọmọ. Láti alẹ́ yẹn ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ìbàdí ń ro ó lápá kan, ayọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu lápá kejì.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà fóònù ilé wa ṣe. Ọmọ rẹ̀ ń ráhùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń já lójijì nígbà tí òun bá ń kàwé lórí ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ tún ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ọ̀nà yẹn mọ́ tónítóní kó tó di Sọ́ńdè. Mi ò fẹ́ kí ariwo kankan dí ọ̀rọ̀ wọn lọ́wọ́."

Ó kúnlẹ̀ nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì àgbà tó wà nísàlẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé fún mi, àfi bíi pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó ní wáyà kan náà ni ohùn èèyàn àti íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń gbà wọlé. Fílítà, nǹkan funfun kékeré tó dà bíi páálí ìṣáná, òun ló ń là wọ́n, kí ọ̀kan má baà máa da èkejì láàmú. Ó ní wáyà kẹta tún wà, tó ń gbé agogo lọ fún àwọn fóònù àtijọ́. Fóònù ìgbà yìí ò nílò rẹ̀, ariwo lásán ló ń fà wọlé. Ní gbogbo ilé tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá ti ń ṣe dáadáa, òun a máa yọ wáyà kẹta yẹn. Bí fóònù àtijọ́ bá wà nílé náà, òun á fi fílítà sídìí rẹ̀, fílítà yẹn ni yóò máa mú un dún.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi," mo ní. Irọ́ ni, kò yé mi.

Ó yọ wáyà kẹta. Ó fi fílítà sídìí fóònù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀, ti pálọ̀ àti ti ilé ìdáná. Ó wá mú ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́, ó gòkè, mo tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Màmá ń sùn. Ẹ ò lè mọ ohun tí mò ń sọ àfi tí ẹ bá ti tọ́jú aláìsàn rí. Obìnrin tí kò sùn láti ọjọ́ Túsìdeè, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń mí ketekete. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà, èèyàn ò sì lè débẹ̀ láìsún bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀dá dúró, ó wò ó. Ó gbé fílítà náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìka lé ẹnu, a sì yọ́ jáde.

Lórí àtẹ̀gùn, mo bi í pé, "Ẹ ò ní pè é wò ni?"

"Kí agogo yẹn wá jí i? Jẹ́ kó sùn, jàre. Tó bá di ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, kí Bọ̀dá tó jí dáadáa ni wọ́n ti pè é sí iṣẹ́ ilé ọ́fíìsì ńlá kan, ogójì yàrá, ó sì di ọjọ́ Sátidé nírọ̀lẹ́ kó tó parí ẹ̀. Nígbà tó délé, íńtánẹ́ẹ̀tì ń sáré, ọmọ rẹ̀ ń dúpẹ́. Ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó gbàgbé. Èmi náà gbàgbé, ẹ má dẹ́bi fún òun nìkan.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, Màmá ní kí n wọ aṣọ búlúù fún òun, kí n fi páúdà sí òun lójú. Mo ní, "Màmá, ṣé ó ń rí yín látinú fóònù ni?" Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, ká má baà jọ jà. Ó ní kí n lọ yọ fóònù méjèèjì ìsàlẹ̀ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. "Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ohùn mi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́." Mo yọ wọ́n, mo fọwọ́ ara mi yọ wọ́n. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gbé fóònù sétí, ó ní, "Ó ń hùn, ó dáa." Ó gbé e padà, ó sì ká ọwọ́ lé itan.

Aago mẹ́rin lù. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Ara mi ò gbà á mọ́, mo na ọwọ́ kí n gbé e wò, bóyá ó ti kú. Màmá gbá mi lọ́wọ́, pá!

"Ṣé o fẹ́ kó bá a pé ọ̀nà dí ni? Má fọwọ́ kàn án!"

Mo mú ọwọ́ mi kúrò. Nígbà tó di aago mẹ́fà, Màmá ní bóyá aago tiwọn ò bá tiwa dọ́gba.

Sọ́ńdè kejì, aṣọ búlúù náà ni. Ó ti ronú ohun tí yóò sọ. "Màá kàn ní, 'Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti dá mi lóhùn ìyẹn, ìyókù á rọrùn." Ó ń tún un sọ lábẹ́ ẹnu. Ṣé o ti jẹun. Ṣé o ti jẹun. Fóònù ò dún.

Sọ́ńdè kẹta, ó ní kí n má wulẹ̀ fi páúdà sí òun lójú. A jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó wá ní, "Fa kọ́tìnnì yẹn dé. Ó ti dá mi lóhùn." Bọ̀dá wà lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́. Inú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú àbúrò wa: ọmọ burúkú, ọ̀dájú, ó rán ẹlòmíràn wá láti fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín! Èmi náà bá a bú u. Mo bú u gan-an ni, ẹnu mi ò sì dára.

Màmá ò jẹun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo gbé tíì wọlé fún un, ó ti lọ. Dókítà ní ọkàn ni. Àwa náà mọ̀ pé ọkàn ni.

A sin ín ní Fúráìdè. Ní Sátidé, mò ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, mo gbé jígí ojú rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì rí nǹkan funfun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku ti bò ó. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀. Bọ̀dá wà nílé ìdáná, ó ń mu tíì.

"Bọ̀dá, kí lèyí? Orí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá ló wà."

Ó wò ó. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó fa fóònù ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì pe nọ́ńbà ilé. Fóònù pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, torí mo ti dá wọn padà. Bọ̀dá sáré gòkè. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, mo sì gbọ́ tó dúró. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń wo fóònù dúdú náà. Ti ìsàlẹ̀ ń dún, ó ń dún, ó ń dún. Èyí dákẹ́ lórí tábìlì rẹ̀ bí ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀.

"Ó pè," Bọ̀dá wí. "Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo gé e."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi, gbogbo àlàyé ọjọ́ yẹn. Mo rántí ọwọ́ mi tí Màmá gbá. Ká ní mo gbé e ni! Ká ní mo ṣe agídí lẹ́ẹ̀kan péré, ohùn ọmọ rẹ̀ ni Màmá ì bá bá nínú rẹ̀, ó wà níbẹ̀, ó ń dúró. Mo jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ bú Bọ̀dá, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ bú u, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Ó ń sunkún bí ọmọdé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, mo ń rí eyín tó kán yẹn.

Ó sún bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó ń sùn lórí ẹ̀ mọ́. Ó fi fílítà náà sí i. Lẹ́yìn náà ó jáde síta bó ti máa ń ṣe, ó pè é wò. Agogo náà dún, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀n. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe, mo kàn ń wò ó títí ó fi dákẹ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. A ò bá ara wa sọ ọ́, àmọ́ nígbà tó fẹ́ẹ́ tó aago mẹ́rin, àwa méjèèjì la wà ní yàrá Màmá, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀dá ní, "Kò ní pè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ní." Mo ní, "Mo mọ̀." Ẹnikẹ́ni ò dìde.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, agogo náà dún.

"Ẹ gbé e," mo ní. "Bọ̀dá, ẹ gbé e!"

Ó gbé e. Fóònù àtijọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ máa ń jáde, mo gbọ́ ọ dáadáa níbi tí mo wà.

"Màmá?"

Bọ̀dá wò mí. Mo mọ ohun tó wà lójú mi. Mo fẹ́ kó parọ́. Kó ní àìsàn ni kò jẹ́ kí Màmá gbé e. Kó ní wáyà ló bà jẹ́, kó má sọ ta ló bà á jẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó mi kanlẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. Màmá ti lọ, àbúrò mi. Ní Ọjọ́rú. Fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó jókòó dè ọ́ ní Sọ́ńdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣọ búlúù rẹ̀ ló wọ̀. Ó fẹ́ gbé e. Fóònù ni kò dún, torí mo yọ wáyà tó ń mú un dún, mo sì gbàgbé, mi ò pè é wò. Kì í ṣe Màmá ni kò dá ọ lóhùn. Èmi ni. Ó fẹ́ bi ọ́ bóyá o ti jẹun."

Ẹkún rẹ̀ la gbọ́, ẹkún àgbà ọkùnrin, kò ṣeé gbọ́. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ tún un pè. Ẹ má gbé e ní kíá. Ẹ kàn jẹ́ kó dún lọ́dọ̀ Màmá."

Bọ̀dá gbé e sílẹ̀. Agogo náà dún. A jókòó, a ò fọwọ́ kàn án. Ó dún títí, ó dákẹ́. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì, àwo ń gbọ̀n, ìyàwó Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, Bọ̀dá gbé e, kò gbé e sétí. Ó rọra gbé e lé orí ìrọ̀rí Màmá.

A sì gbọ́ àbúrò wa láti orí ìrọ̀rí náà.

"Mo ti jẹun, Màmá," ó ní. "Mo ti jẹun."